Ẹrú Ṣọmọ Rí Nílé Ìyá Rẹ̀

Bí ẹnìkan bá bi mí léèrè ohun tó gún mi lọ́kàn jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti bá pàdé lórí ayélujára, àkójọ orúkọ kan ni màá tọ́ka sí. Àwọn ènìyàn 91,491 ló wà nínú rẹ̀. Inú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú ni wọ́n ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú òkun. African Origins ni wọ́n ń pe ìkànnì náà. David Eltis, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀. Ọlátúnjí Òjó, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn tó bá wọn ṣe iṣẹ́ lórí àwọn orúkọ náà.

Ìwé kóòtù ni wọ́n ti yọ wọ́n. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ó bá Spain, Portugal àti Netherlands ṣe àdéhùn, wọ́n sì dá kóòtù àjùmọ̀ní sílẹ̀. Ọ̀kan wà ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, òmíràn wà ní Havana ní Kúbà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá mú, iwájú kóòtù ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Akọ̀wé á jókòó ti ìwé ńlá, ògbufọ̀ á dúró tì í, wọ́n á wá máa pe àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí lorúkọ rẹ? Akọ̀wé á kọ ohun tó gbọ́. Á kọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, á fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, á wọn gíga rẹ̀, á wo ilà tàbí àpá ara rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ẹlòmíràn á bọ́ síwájú.

Wọ́n ń fẹ́ ẹ̀rí tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi àwọn ènìyàn náà ṣẹrú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó fún àwọn ọmọ ogun ojú omi rẹ̀ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Lábẹ́ òfin 1807, owó náà lè tó 40 pọ́n-ùn lórí ọkùnrin, 30 lórí obìnrin, 10 lórí ọmọdé. Ó dùn mí pé títí dé ibi tí wọ́n ti ń dá wọn sílẹ̀, iye orí ni wọ́n ṣì ń kà.

Síbẹ̀, akọ̀wé yìí bá wa pa ohun kan mọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, bó bá rí Òjó, Àìná, Àjàyí tàbí Ìgè nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, pàápàá bí akọ̀wé ti ṣe kọ ọ́ ṣákálá láìlámì, lẹ́tà lásán ló rí. Àwa mọ̀ pé Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, pé Àjàyí dojú bolẹ̀ wáyé, pé ẹsẹ̀ ni Ìgè kọ́kọ́ mú jáde. Ọjọ́ tí ìyá rọbí, ohun tí agbẹ̀bí rí, ìbẹ̀rù tó gba yàrá kí orí ọmọ tó yọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú orúkọ tí àjèjì kan kọ bó ṣe dún létí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Orúkọ wọ̀nyí ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹnìkan gbẹ̀bí wọn, ẹnìkan fi oyin àti iyọ̀ kàn wọ́n lẹ́nu, àwọn aládùúgbò wá jẹun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilà ojú. Àbájà, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́: ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti fura sí apá ibi tí ọmọ ti wá kí ọmọ tó la ẹnu. Lójú akọ̀wé, àpá ni gbogbo rẹ̀.

Àjàyí kan wà tí gbogbo wa mọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ báyìí. Wọ́n mú un nígbà tí ogun fọ́ Òṣoògùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí àwọn ará Portugal fi rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon gbà á lójú òkun, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. A mọ ìtàn rẹ̀ nítorí pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù, ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé kóòtù ni gbogbo ohun tó kù nípa wọn.

Ìkànnì kan tún wà tó yẹ kí a ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. University College London ló gbé e jáde ní 2013, àwọn tó ni ẹrú ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1833 láti fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso, 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ló yà sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn olówó ẹrú nínú. Ó yá 15 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ ní 1835. Ọdún 2015 ló tó san gbèsè náà tán. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n máa sin olówó wọn lọ lórúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ títí di 1838.

Jamaica, Barbados àti àwọn erékùṣù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹrú tí mo ń wí yìí wà. Wọn kì í ṣe àwọn tí kóòtù Freetown kọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ni, sáà kan náà sì ni. Olówó ẹrú ní orúkọ àti orúkọ ìdílé, oko rẹ̀ wà níbẹ̀, iye tó gbà wà níbẹ̀ dé orí ṣílè. Òjó inú ìwé kóòtù ní orúkọ kan, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú díwọ̀n, àti gíga. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀ràn náà ti pẹ́ jù láti máa tú u wò. Mi ò gbà. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London lọ́dún 2014, tí wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù rẹ̀, wà lára àwọn tó san owó tí wọ́n fi tu àwọn olówó ẹrú nínú.

Kọ̀ǹpútà ti ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Ó gbé orúkọ tó ti wà nínú ìwé ìjọba láti bí igba ọdún wá síwájú ẹni tó jókòó sí Ìṣẹ́yìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe African Origins tiẹ̀ gba ohùn àwọn tó ń sọ èdè Áfíríkà sílẹ̀, kí àlejò lè gbọ́ bí orúkọ ṣe ń dún, kó sì sọ èdè tó rò pé ó jẹ́. Ibi tó kù sí, ọ̀dọ̀ wa ni. Ọ̀pọ̀ orúkọ wà tí a kì í sọ ọmọ mọ́, tí ọmọ ogún ọdún ò gbọ́ rí, tí ìyá àgbà kan á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí á sì dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ Yorùbá ní yunifásítì wa ni pé kí wọ́n pín àwọn orúkọ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ìlú rẹ̀, kó kà á sókè níwájú wọn, kó sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹ má dúró de ẹni tí yóò ti Amẹ́ríkà wá ṣe é. Àwọn tó mọ orúkọ wọ̀nyí àti ilà wọ̀nyí dájú ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọdún yìí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.