Iná Mẹ́ta Lójú Fóònù

Wulari, Maiduguri, nírọ̀lẹ́. Ìlú yìí ni wọ́n bí Ṣadé sí, ibẹ̀ náà ló ń gbé títí di òní. Aṣọ ló ń tà ní Monday Market. Káyọ̀dé àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Regina dé ni, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń tọ́ Tómi ọmọ wọn. Àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú ilé.

Káyọ̀dé: Ẹ̀gbọ́n mi, Tómi rán mi níṣẹ́ kan sí yín. Ó ní bí òun bá fi nǹkan sínú gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp, ẹ máa ń kà á, ẹ kì í sì í fèsì. Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni?

Ṣadé: Ó dáa tó o bi mí lójúkojú. Ṣé o rántí iná Monday Market?

Káyọ̀dé: Ta ni yóò gbàgbé ẹ̀? Ọjọ́ kejì ìdìbò ààrẹ, ní 2023.

Ṣadé: Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Kejì. Òru ni wọ́n fi pè mí. Kí n tó débẹ̀, iná ti gba ọjà kan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò lè tẹ ọ̀rọ̀ gígùn. Mo kọ "Monday Market", mo wá àwòrán iná, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta 🔥🔥🔥, mo fi sínú gúrúùpù. Tómi lẹni àkọ́kọ́ tó fèsì. Ó fi iná kún iná mi, ó kọ ọgọ́rùn-ún pupa 💯 tẹ̀lé e, ó wá gbé ọwọ́ méjì sókè 🙌🏾. Èmi ń wo ṣọ́ọ̀bù mi tó ń jó, ọmọ àbúrò mi ń yọ̀.

Káyọ̀dé: Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Alẹ́ Sátidé ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa, kò tíì gbọ́ ìròyìn kankan. Lójú òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, "ó rẹwà", "ó ń tà wàràwàrà" ni iná. Tí ọgọ́rùn-ún bá wá tẹ̀lé iná, nǹkan náà pé pérépéré nìyẹn. Ó rò pé ọjà ń tà fún yín ni.

Ṣadé: Ìyàwó ẹ ti ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kejì, mo sì ti gbà. Mi ò bá ọmọ náà jà. Àyà mi ló máa ń já tí mo bá rí àwòrán tó fi ránṣẹ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo fi ohùn sọ ìtàn ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lásìkò ìwàásù. Agbárí òkú àti ojú tó ń sunkún 💀😭 ni Tómi fi dá mi lóhùn. Mo bi ara mi pé, ta ló tún kú?

Káyọ̀dé: Ẹ̀rín ló pa á! Ẹ mọ ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú ẹ̀, 😂? Lọ́dún 2015, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ni. Nígbà tí àwa àgbàlagbà wá mọ̀ ọ́n lò tán, àwọn ọmọdé kó kúrò nídìí ẹ̀, wọ́n lọ bá agbárí: "mo rẹ́rìn-ín kú." Bí ẹkún bá wá kún agbárí, ẹ̀rín ọ̀hún ti kọjá sísọ nìyẹn.

Ṣadé: Kí ni yóò wá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí èèyàn bá kú lóòótọ́?

Káyọ̀dé: Ẹyẹlé funfun, tàbí àbẹ́là tó ń jó, tàbí ọkàn tó fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní bó ṣe ń lọ. Èdè kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń sọ nìyí. Ará Japan, ará Brazil, ará Wulari, àwòrán kan náà ni gbogbo wọn ń rí.

Ṣadé: Rárá o. Rírí kọ́ ni gbígbọ́. Níbí yìí, tí aládùúgbò wa tó jẹ́ Kánúrí bá pàdánù èèyàn, àtẹ́lẹwọ́ méjì tó là sókè 🤲🏾 la fi ń bá a kẹ́dùn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Mùsùlùmí ṣe ń ṣe àdúà. Tó bá jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé 🙏🏾 ni. Àtẹ́lẹwọ́ tó là sókè yẹn kan náà, fi oṣù ṣíwájú ẹ̀ nígbà ààwẹ̀ 🌙🤲🏾, ìkíni ayọ̀ ni. Fi ọkàn tó fọ́ ṣíwájú ẹ̀, òkú ló kú. Ohun tí o bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni tó bá ti Regina wò ó láìgbé láàrin wa, kí ló máa gbọ́?

Káyọ̀dé: Òótọ́ ni pé ní Japan, tí àwọn àwòrán yìí tí wọ́n ń pè ní èmójì ti wá, ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ tó pàdé yẹn ń ṣe. Shigetaka Kurita ló ya èmójì 176 fún ilé-iṣẹ́ fóònù NTT DoCoMo lọ́dún 1999, àwòrán bíńtín bíńtín, àmì kéékèèké 12 ní òró, 12 ní ìbú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York ti gbà wọ́n sílé báyìí. Lọ́dún 2010 ni Unicode, ẹgbẹ́ tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún èmójì náà ní nọ́ńbà. Ẹgbẹ́ yẹn kan náà ló fún "ẹ" àti "ṣ" tiwa ní nọ́ńbà kí fóònù tó lè gbé wọn. Lónìí, èmójì ti lé ní 3,600.

Ṣadé: Wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ta ló fún un ní ìtumọ̀?

Káyọ̀dé: Àwọn tó ń lò ó. Àwọn tí kò bá sì rí ara wọn níbẹ̀ máa ń béèrè. Kò sí ọwọ́ dúdú níbẹ̀ títí di 2015. Obìnrin tó wé ìbòrí tí gbogbo ọmọbìnrin Maiduguri ń fi ránṣẹ́ yìí 🧕🏾, ọmọ Saudi kan tó ń gbé ní Berlin, Rayouf Alhumedhi, ló kọ̀wé béèrè fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. Ọdún 2017 ló wọlé.

Ṣadé: Ọmọ náà ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rán ọ létí nǹkan kan. Bàbá wa, tó gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó wọ rélùwéè ní Ọ̀fà kó tó dé ìlú yìí, ṣé o rántí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àrokò fún wa? Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra: mo fẹ́ rí ọ. Owó ẹyọ méjì tó kọ̀yìn síra: a ti dọ̀tá. Iye wọn ò yàtọ̀, irú wọn ò yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Káyọ̀dé: Mo rántí. Mo tún ti kà nípa ẹ̀. Lọ́dún 1887, ìwé àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àpèjúwe àwọn àrokò Ìjẹ̀bú jáde. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló fi ránṣẹ́ sí arákùnrin rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ ẹyẹ kan. Ẹ̀fà ni fífà: mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ la fi ń nu inú etí: etí rẹ nìkan ni mo lè dé láti ibí, tètè máa bọ̀ kí n fojú rí ọ.

Ṣadé: Ó dára gan-an. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹbí ni. Gbé e fún Kánúrí ilé kejì wò. Owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò rí, nítorí ẹ̀fà kò fa nǹkan kan ní èdè tiẹ̀. Ìránṣẹ́ tó gbé e lọ gan-an lè má mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n jọ dàgbà ló yé. Bí èmójì yín ṣe rí nìyẹn. Èdè agboolé ni. Agboolé Tómi yàtọ̀ sí tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi.

Káyọ̀dé: Ẹjọ́ kan wà ní Saskatchewan tó gbe ọ̀rọ̀ yín yìí. Ní 2021, ẹni tó ń ra irè oko ya àwòrán ìwé àdéhùn, ó fi ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kan lórí fóònù pé kó fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Àgbẹ̀ náà na àtàńpàkò sókè 👍. Nígbà tó yá, kò kó ọjà wá. Ó ní "mo ti rí i gbà" ni àtàńpàkò òun ń sọ, òun ò sọ pé "mo gbà bẹ́ẹ̀". Adájọ́ yẹ ìṣòwò wọn àtẹ̀yìnwá wò. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ kúkúrú bí "ok" ni àgbẹ̀ náà fi ń dáhùn àdéhùn tẹ́lẹ̀, tó sì ń kó ọjà wá. Ní 2023, adájọ́ dá a pé àtàńpàkò yẹn tó ìbuwọ́lùwé, kí àgbẹ̀ san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà.

Ṣadé: Adájọ́ náà mòye. Kò wo àtàńpàkò nìkan, ó wo ìṣe àwọn méjèèjì. Nínú ọjà mi, mo máa ń ya àwòrán àǹkárá ránṣẹ́ sí oníbàárà. Tó bá na àtàńpàkò, mi ò gé aṣọ. Mo máa ní kó kọ ọ́ pé "mo rà á, ọ̀pá mẹ́fà", nítorí ẹlòmíràn ń na àtàńpàkò láti fi sọ pé ó ti rí i, ẹlòmíràn sì ń nà á láti fi lé mi lọ.

Káyọ̀dé: Àwọn ọmọdé gan-an ti ń ka àtàńpàkò yẹn sí àrífín. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìkàn, ẹ̀gbọ́n mi. Tí àwọn ìyá ìjọ bá ń polówó ìkàn, kí wọ́n má fi àwòrán ẹ̀ 🍆 sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń ta sílẹ̀ tàbí èso píìsì. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí.

Ṣadé: Màá kìlọ̀ fún wọn.

Káyọ̀dé: Ìbọn náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún 2016, Apple yí ìbọn padà sí ìbọn omi táwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Àwọn yòókù ò tẹ̀lé wọn títí di 2018. Láàrin ìgbà yẹn, ọmọ kan lè fi ìbọn omi ránṣẹ́ láti orí iPhone, kó dé orí Samsung ọ̀rẹ́ ẹ̀ bí ìbọn gidi. Lọ́dún 2024, ìkànnì X tún dá ìbọn gidi padà sórí tiwọn.

Ṣadé: Àwa la ti sin òkú ìbọn ní ìlú yìí. Má fi ìbọn ránṣẹ́ sí mi láé, ì báà jẹ́ ti omi. Káyọ̀dé, o mọ ìdí tí mi ò fi í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣeré. Ní oṣù Karùn-ún 2013, tí wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n gé fóònù ní Borno fún ọ̀pọ̀ oṣù. O jìnnà sí wa, o ò mọ̀ bóyá a wà láàyè. Ẹni tó ti la irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn kọjá, gbólóhùn kan tó yanjú ń jẹ́ oúnjẹ fún un. Nígbà tí ìsédò Alau já, tí omi gba ìlú ní 10 oṣù Kẹsàn-án 2024, àwọn ẹbí fi ojú ẹkún àti ọkàn kún gúrúùpù títí ó fi kún. Ìwọ lo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé omi dé Wulari? Níbo lẹ wà?" Ìwọ ni mo dá lóhùn, torí o bi mí ní nǹkan.

Káyọ̀dé: Mo rántí. Ṣùgbọ́n ẹ má da gbogbo ẹ̀ nù. Ẹ ti rí ohun tí Tómi máa ń fi ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀?

Ṣadé: Obìnrin tó kúnlẹ̀ 🧎🏾‍♀️. Mo máa ń rí i. Inú mi máa ń dùn, kí n má parọ́.

Káyọ̀dé: Ọdún 2019 ni wọ́n mú ẹni tó kúnlẹ̀ yẹn wọlé. Kò sẹ́ni tó yà á nítorí Yorùbá. Àwọn ọmọ wa kàn rí i, wọ́n ní, ìkúnlẹ̀ nìyí, ẹ jẹ́ ká máa fi kí àgbà. Àwọn ọmọkùnrin ò rí ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n mú ẹni tó forí balẹ̀ 🙇🏾‍♂️, tí ará Japan yà fún àforíjì, wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀. Tómi kò gbé Nàìjíríà rí, àmọ́ ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí yín.

Ṣadé: Ìyẹn gan-an ni mò ń wí. Ó yé mi nítorí àwa méjèèjì la jọ mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́. Níbi tí agboolé tiẹ̀ àti tèmi ti pàdé nìyẹn, kò sì fi mọ síbẹ̀, ó máa ń kọ "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí" sábẹ́ ẹ̀. Ó yẹ kí n ti máa dá a lóhùn. Màá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Káyọ̀dé: Kí wá ni kí n sọ fún un?

Ṣadé: Sọ fún un pé kó fi ohùn sọ sínú gúrúùpù ohun tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi iná, agbárí àti àtàńpàkò sọ, kí àwa àgbà lè gbọ́. Èmi náà yóò sọ tiwa níbí fún un. Ẹ̀rín, eré, ìkíni, kó fi àwòrán ṣe é bó ṣe wù ú. Àmọ́ kí gbogbo ilé gbọ́ o, tó fi dé orí ìwọ àti ìyàwó ẹ: ikú, àìsàn, iná, omi, owó àti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi kọ wọ́n sí mi, kí ẹ sọ orúkọ ẹni tọ́rọ̀ kàn àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá ń gbọ̀n débi tí kò lè kọ ọ́, kó pè mí.