Ìyá Ọlọ́mọ Tuntun Lójú Agbami Kútọnu

Kò sẹ́ni tó ń kúrò ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì lọ wo ẹranko òkun. Ọjà, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ló ń gbé wa rìnrìn àjò. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tó gbé mi ní ìdíkọ̀ fi bi mí bóyá mo ti jẹun láàárọ̀, nígbà tó gbọ́ pé Kútọnu ni mò ń lọ, àti pé àbùùbùtán ni mo fẹ́ lọ wò. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní bàyọ́lọ́jì ló fà á. Mò ń ṣàlàyé orca fún wọn lọ́jọ́ kan, ẹranko dúdú-òun-funfun tó ń dọdẹ àwọn àbùùbùtán mìíràn, ni ọmọ náà bá nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí òkun bá wá dì nígbà òtútù ńkọ́? Ibo ló ń gbà lọ?" Mo dá a lóhùn látinú ìwé. Síbẹ̀, ó wù mí kí n fojú ara mi rí díẹ̀ nínú ohun tí mò ń fẹnu sọ. Antákítíkà kọjá owó tíṣà. Kútọnu ni agbára mi ká.

Láti Ìsinbọ̀dé gba Òde dé Àgbàdo, kí a tó yọ sí Adó, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Èkìtì nígbà òjò kò nílò dókítà tí yóò ka egungun ara rẹ̀ fún un. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ti sọ ọ́ di àṣà láti máa yin awakọ̀ pé ó mọ ibi tí gbogbo ihò wà, dípò ká bi ẹni tó yẹ kó dí i. Àkúrẹ́, Ọ̀rẹ̀, Èkó, Àgbádárìgì, Sẹ̀mẹ̀: a kọjá wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè yẹ kó ní ọjọ́ tirẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 ní kí ọmọ ilẹ̀ wọn máa wọ ìlú ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ ṣáà mú sùúrù kún ìwé ìrìnnà yín.

Àbùùbùtán tó ń wá sí etíkun Bìnẹ̀ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní humpback. Nígbà ooru ìsàlẹ̀ ayé, Antákítíkà ló ti ń jẹ krill, irú edé kékeré kan tó pọ̀ lọ súà nínú omi tútù. Tí òtútù bá dé, yìnyín orí òkun níbẹ̀ a fẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 kìlómítà níbùú lóròó ní oṣù Kejì di nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 ní oṣù Kẹsàn-án. Kí ó tó fẹ̀ dé bẹ́ẹ̀, àwọn abo tó lóyún ti gbọ̀nà àríwá. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó lọ láti Àngólà àti Gàbọ́ọ̀n títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ń bímọ sí. Ọmọ tuntun wọn máa ń gùn tó mítà 4, ó sì máa ń wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀rá ara ìyá ló ń di wàrà, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan jẹ títí yóò fi padà sọ́dọ̀ krill rẹ̀. Ní 2001 ni Koen Van Waerebeek àti àwọn onímọ̀ ọmọ Bìnẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ìròyìn àwọn humpback yìí fún Àjọ Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àbùùbùtán. Àwọn apẹja ti mọ̀ wọ́n tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà.

Ọ̀kan nínú àwọn apẹja yìí ló wa ọkọ̀ wa, bàbá Nàgó kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun. Ọkọ̀ igi ni, ẹ́ńjìnnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì ń fi ike gbọ́n omi kúrò nínú rẹ̀ láìsinmi. Tọkọtaya kan láti Àjàṣẹ́ wà níbẹ̀, àti ọ̀gá kan láti Èkó tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ìgbì gbé wa, ó sọ̀ wá. Ìyàwó ará Àjàṣẹ́ bì, ó nu ẹnu, ó tún ń wòkun.

Bàbá ló kọ́kọ́ rí i. Omi tú sókè lókèèrè, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn dúdú kan yọ, ó pẹ́ kí ó tó tán lójú wa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni èyí kékeré ti yọ. Bí Bàbá ṣe rí èyí kékeré, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló dé tó o pa á?" Ọ̀gá ará Èkó ti dìde dúró. "Sún mọ́ ọn jàre!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ibi tí a dé yìí ti tó. Ó lọ́mọ lọ́wọ́."

"Ṣé lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo wọkọ̀ rẹ ni? Èló lo fẹ́ gbà?" Ó yọ owó sẹ́fà jáde lápò, ó jù ú sórí pákó níwájú Bàbá. Ọmọ tó ń gbọ́n omi wo owó náà, ó wo Bàbá. Omi ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń gbọ́n ọn.

Bàbá ṣa owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí omi má baà ràn án, ó fọwọ́ méjèèjì nà án padà sí i. "Owó yín rèé, ọ̀gá. Tó bá jẹ́ ìyàwó yín ló bímọ lánàá, ṣé ẹ ó gbà kí n gbé ẹ́ńjìnnì wọ yàrá tọ̀ ọ́?"

Ọ̀gá náà pòṣé. Ó ní òun á fẹjọ́ sùn. Bàbá ò fèsì mọ́. Ó ní kí ọmọ máa gbọ́n omi.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọkàn mi ju ẹranko náà lọ. Àwọn ará ìyókù ilẹ̀ Yorùbá a máa fi àwa Èkìtì ṣẹ̀fẹ̀ pé a kì í fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọ́n lè máa ṣẹ̀fẹ̀ wọn lọ. Nílùú wa, o lè pe àgbà ní "ìwọ" kí ó sì mọ̀ pé o kà á sí. Ohùn la fi ń mọ̀ ọ́n. Ohùn ọkùnrin yìí kò ní ọ̀wọ̀ kankan nínú. Ó rò pé owó ọkọ̀ tí òun san ti ra bàbá, ó ti ra òkun, ó sì ti ra ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Irú wọn ti pọ̀ jù láàárín wa báyìí.

Ìwé sì gbe Bàbá lẹ́yìn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde jáde lẹ́yìn tí wọ́n lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ humpback abiyamọ àti ọmọ wọn lára ní Exmouth Gulf, Ọsirélíà. Wọ́n rí i pé ohùn jẹ́jẹ́ ni ìyá àti ọmọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kí orca má baà gbọ́. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá bo ohùn yẹn, báwo lọmọ ṣe máa gbọ́ ìyá rẹ̀? Ní 1999, àwọn onímọ̀ méjì, Corkeron àti Connor, tilẹ̀ dábàá pé tìtorí orca ni irú àwọn ìyá wọ̀nyí ṣe ń fi omi tútù sílẹ̀ lọ bímọ níbi tó jìn. Àwọn mìíràn kò gbà. Omi tiwa náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ orca pátápátá: ìwádìí kan tó jáde ní 2010 kó àkọsílẹ̀ orca tí wọ́n rí lójú òkun Àngólà àti Òkun Gíní wa yìí jọ.

Orca yòókù ńkọ́, nígbà òtútù? Ìdáhùn tí mo bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn wá kò ṣe é so pọ̀ sójú kan. Àwọn kan ò lọ rárá: ní oṣù Kẹjọ 1995, wọ́n rí orca láàárín yìnyín Antákítíkà gan-an nígbà tí òtútù mú jù. Àwọn tó ń dọdẹ ẹran òkun tí òyìnbó ń pè ní seal níbẹ̀ máa ń wẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìgbì wọn lè gbá ẹran náà kúrò lórí yìnyín. Àwọn mìíràn nínú wọn a sáré lọ sí ìhà Úrúgúè àti Bùràsílì, wọn a sì padà. Àwọn onímọ̀ Durban àti Pitman kọ ọ́ ní 2012 pé ọ̀kan rin 9,400 kìlómítà láàárín 42 ọjọ́. Kì í ṣe ọmọ ló lọ bí. Wọ́n rò pé awọ ara ló lọ pààrọ̀, nítorí omi tútù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé awọ dáadáa, ohun ọ̀gbìn omi tín-tìn-tín a sì bò ó títí yóò fi pọ́n rúsúrúsú. Ní àríwá Nọ́wè, ẹja ṣáwá ni àwọn orca ibẹ̀ ń tẹ̀ lé wọ etíkun nígbà tí oòrùn kì í yọ. Yìnyín sì lè dẹkùn mú wọn: ní oṣù Kìíní 2013, nítòsí Inukjuak ní Kánádà, nǹkan bíi méjìlá há sídìí ihò kan ṣoṣo, wọ́n ń pín in mí títí tí yìnyín fi ṣí.

Orca ò yọjú sí wa ní Kútọnu. Ìyá àti ọmọ wà níbi tí a ti rí wọn, ọ̀gá ará Èkó sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, torí wọ́n tóbi tó láti rí láìsún mọ́ wọn. Àbọ̀ ìrìn àjò mi kò yẹ ní kíkọ. Omi tó na Kútọnu náà ló na Àgbádárìgì àti Èkó. Kí ló dé tí ọmọ Nàìjíríà fi ní láti sọdá ẹnubodè kí ó tó rí bàbá kan tí yóò wa òun lọ wo àbùùbùtán? Ẹni tó bá fẹ́ lọ, oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá ni kó fojú sí. Kó pààrọ̀ owó sí sẹ́fà kó tó dé etíkun, kó má jẹun yó, kó kí awakọ̀ ọkọ̀ dáadáa. Tí awakọ̀ bá sì pa ẹ́ńjìnnì, kó pa ẹnu tirẹ̀ náà mọ́.