Ẹkùn Tí Mo Yà Sójú Pátákó

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo ya ẹkùn sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì fa ilà gbọọrọ gbọọrọ sí i lára bí mo ti rí i nínú ìwé kan. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, awọ ẹkùn wà nílé bàbá mi àgbà. Kò nílà.” Mo ní kí ó jókòó. Àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá bàbá àgbà náà, ọdẹ ni. Ó tẹ́ awọ náà síwájú mi: ó pọ́n rúsúrúsú, àmì dúdú sì ṣùjọ bí òrùka káàkiri rẹ̀. Ó ní: “Olùkọ́, ẹ wò ó dáadáa, kò ní pẹ́ tí awọ nìkan yóò kù.”

Táígà ni mo ti yà. Ilẹ̀ Éṣíà ni ilé rẹ̀. Kò sí i nínú igbó kankan ní Áfíríkà. Ẹkùn tiwa ń gbé igbó kìjikìji, ó ń gbé ọ̀dàn àti orí àpáta. Òun nìkan ní í máa ń dá rìn, àfi abo tó ní ọmọ lẹ́yìn. Òru ni ó sábà máa ń ṣọdẹ. Àwọn baba wa tó ní yíyọ́ ẹkùn tojo kọ́ ti wò ó fínnífínní: yóò rọra fà mọ́lẹ̀ títí yóò fi súnmọ́ ẹran, kí ó tó fò mọ́ ọn. Bí ó bá pa á tán, a máa wọ́ ọ gun orí igi, kí kìnìún tàbí ìkookò má baà gbà á. Àwọn tó rọ ère ẹkùn fún Ọba Bìní nígbà àtijọ́ kò ṣe irú àṣìṣe tèmi. Àmì ni wọ́n fín sí i lára.

Ọ̀rọ̀ bàbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ. Igbó ń tán, ẹran tí ẹkùn ń jẹ ń tán, a sì ń pa òun náà nítorí awọ rẹ̀. Ní 2016, àjọ àgbáyé IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun ń dojú kọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo pa àwòrán mi rẹ́, mo gbé ṣọ́ọ̀kì lé ọmọ náà lọ́wọ́, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Bí ẹkùn bá tán nínú igbó wa, ó kéré tán, kí àwọn ọmọ wa mọ ẹni tí ó lọ.