Láti Tarauni dé Kòtò Aró Kofar Mata

  Bí a ti ń kọ èyí, ètè gbogbo wa ti bó, omi inú àmù sì tutù débi pé ọmọdé ń sá fún ìwẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń ti aginjù Sàhárà bọ̀ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Kánò fúnra rẹ̀ kì í ṣe aginjù, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà aginjù ni.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sí Tarauni àti Sabon Gari gbà pé ọjà nìkan ni Kánò mọ̀: ẹ̀pà, àlùbọ́sà, awọ, ewúrẹ́ àti owó. Bí a bá ní àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òǹkọ̀wé wà ní etí aginjù yìí, wọn a rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ni àwa tí ń ṣètò ìwé ẹgbẹ́ yìí fi dìde lọ́jọ́ Sátidé kan láti lọ wò ó. A mú ìyá wa kan dání, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó ti ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá ọkọ rẹ̀ ní Òkè Ọya, ó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

A wọ Adaidaita Sahu láti Tarauni, a gba Gyadi-Gyadi, ó di Kofar Mata lẹ́bàá odi àtijọ́. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Ẹnubodè Àwọn Obìnrin. Òórùn aró ni ó kọ́kọ́ pàdé wa. Wọ́n ní láti 1498 ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ níbẹ̀. Kòtò kọ̀ọ̀kan rí roboto bí ẹnu kànga, ó sì jìn ju ìdúró ènìyàn lọ. Ẹlú, eérú àti kán-ún ni wọ́n ń kó sí i, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó kan. Aláró a jókòó sí etí rẹ̀, a máa ti aṣọ bọ̀ ọ́, a máa fà á yọ. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde, ó dà bí ewé tútù. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni yóò di aró. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ kí ó máa dán, wọn a fi òòlù igi lù ú títí.

Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka kan bọ aró, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Ó kan dáadáa.” Ó wá fi èdè Haúsá bi aláró náà pé àwọn obìnrin dà? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín: “Ìyá, iṣẹ́ ọkùnrin ni èyí. Bàbá mi ló kọ́ mi, bàbá tirẹ̀ ló sì kọ́ ọ.” Ìyá wa ní, “Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin kì í sún mọ́ ìkòkò aró wa!” Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó ti mọ ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Níbo ni aṣọ yìí ń lọ? Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ Kánò ń dé Timbuktu, ó sì ń la aginjù kọjá dé Tripoli. Àwọn Tuareg tí ń da ràkúnmí ní agbègbè Agadez fẹ́ràn láwàní aró tí ó ń dán yìí. Aró náà a máa ràn mọ́ wọn lójú àti lọ́wọ́, èyí ni àwọn òyìnbó fi ń pè wọ́n ní ènìyàn aláró. Ẹni tí ó wà láàrin iyanrìn, tí kò rí ilé kan tàbí igi kan, iṣẹ́ ọwọ́ Kánò ni ó fi bojú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kòtò Kofar Mata ti gbẹ, nítorí aṣọ ẹ̀rọ ti gba ọjà.

Láti ibẹ̀ a kọjá sí ọjà Sabon Gari, níbi tí a ti ń tẹ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ láì wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àwọn ìwé ìtàn pẹlẹbẹ tí Haúsá ń pè ní Littattafan Soyayya, ìwé ìfẹ́. Bí ọkùnrin ti ń rẹ aró, obìnrin pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ìwé. Hafsat Abdulwaheed, ọmọ Kánò, tẹ So Aljannar Duniya jáde ní 1980. Balaraba Ramat Yakubu, àbúrò Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ni wọ́n fi fọ́kọ nígbà tí ó kéré gan-an. Ẹ̀kọ́ àgbà ni ó padà lọ kọ́. Ní 1990 ó kọ Wa Zai Auri Jahila?, èyíinì ni, Ta Ni Yóò Fẹ́ Aláìmọ̀wé? Ní 2007 wọ́n dáná sun irú ìwé báwọ̀nyí ní gbangba ní Kánò. Síbẹ̀ àwọn obìnrin náà kò gbé kálàmù sílẹ̀.

Àwa náà ní ìtàn tiwa níhìn-ín. Hubert Ògúndé gbé eré Bread and Bullet dé Kánò, eré nípa àwọn awakùsà 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 18 November 1949. Ìjọba òyìnbó fòfin dè é. Bí a ti ń sọ èyí nínú ọkọ̀, ìyá wa ní ọkọ òun wà ní Kánò nígbà náà, ọmọ iléèwé ni, àti pé títí ó fi kú, kì í sú u láti máa ròyìn ọjọ́ náà.

Ojú tì wá. Nígbà tí baba yẹn lọ, àwa náà ni a tẹ ìkéde rẹ̀ sínú ìwé yìí. Ìlà mẹ́rin ni: orúkọ, ọjọ́ orí, iye ọmọ, ọjọ́ ìsìnkú. A bi ìyá pé, “Ẹ̀yin Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?” Ó ní, “Ẹ ò bi wá.”

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà náà ni à ń dá nù yìí, ará wa. Ìyá wa ti gbà: ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò máa jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́rin, ohun tí ìyá bá sọ ni yóò máa kọ. A ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ níbí láìpẹ́.

Ìròyìn ìdílé ni ó tẹ̀lé èyí. A kí àwọn tó bímọ, a kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ olóògbé kan níbẹ̀ tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìlà karùn-ún ránṣẹ́ sí wa.