Nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja Bàrígà lọ síbi ìnáwó l'Ájàṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sinmi níbẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn onítẹ̀wé náà ló tẹ káàdì ìgbéyàwó ọmọ àbúrò ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn àbúrò tó ń gbé l'Ájàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ń kọ Porto-Novo sínú ìwé, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ó wá ku kóun àtìyàwó ẹ̀ lọ síbi ìnáwó ọ̀hún.

Ìyàwó yìí, ẹja yíyan ló ń tà ní Bàrígà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń rajà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Àgọ́ Ẹ̀gùn tó wà létí ọ̀sà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ kan ibi tí wọ́n ń gbé rí. Wọ́n á gbé ẹja wá bá a, wọ́n á dúnàá dúrà, ó parí. Nígbà tọ́kọ ẹ̀ ní àwọn á sùn níbẹ̀ di Mọ́ńdè, ńṣe ló fajú ro. “Dádì, kí lẹ fẹ́ máa wò fún ọjọ́ méjì? Ẹ jẹ́ ká jẹun, ká náwó fọ́mọ, ká wọ bọ́ọ̀sì padà lálẹ́.” Bí ọ̀pọ̀ ará Èkó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn, wọn ò ní rí nǹkan kan ju kánópì lọ.

Ọmọ ilẹ̀ ECOWAS kò nílò físà. Àdéhùn 1979 ti fún un ní 90 ọjọ́. Àmọ́ kó mú páàsìpọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò dání o, kó má lọ fi aṣọ ẹbí jókòó sí Sẹ̀mẹ̀.

Ìnáwó náà dùn. Àmìwò ni wọ́n gbé síwájú wọn, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ata àti tòmátì rò títí tó fi pupa, pẹ̀lú adìyẹ díndín. Wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n ń pè ní wàgáṣì wà níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kọ́kọ́ rò pé ẹran ni. Sódàbì, ògógóró tiwọn, bàbá onítẹ̀wé ló mọ bí ìyẹn ṣe rí lọ́nà ọ̀fun.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú wọn dé Mọ́sáláṣí Ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1912. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni, torí pé àwọn Àgùdà, tí baba wọn ti oko ẹrú Brazil dé, ló kọ́ ọ bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún-ún. Bàbá ya fọ́tò títí. Ìyàwó ẹ̀ ní oòrùn ń pa òun.

Ganvié ló pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n gba Kútọnu lọ sí Abomey-Calavi, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Lórí ọ̀sà Nokoué ni ìlú yẹn wà, orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé sí. Ìtàn wọn ni pé àwọn baba ńlá wọn sá fún àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tó ń kó ẹrú, torí pé àwọn yẹn kì í jà lórí omi. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń nájà. Àwọn òyìnbó kún ọkọ̀ tó wà níwájú, wọ́n ń ya fọ́tò. Séfà ni kálukú san kí wọ́n tó gbé e.

Obìnrin kan wa ọkọ̀ ẹja yíyan kọjá, ó ní, “Kúàbọ̀.” Ìyá ẹlẹ́ja wo ẹja yẹn. Bí wọ́n ṣe fi ìrù ẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀, bí èyí tó ń rà ní Bàrígà gẹ́lẹ́ ni.

“Dádì, ṣé irú ilé táwọn kọ́sítọ́mà mi ń gbé nìyí?”

Ọkọ ẹ̀ ní ó jọ ọ́ dáadáa.

“Kí ló wá dé tí wọ́n ń sanwó wò ó níbí, tó jẹ́ pé wíwó ni wọ́n ń wó o l'Ékòó?”

Ojú àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe wó ilé orí omi ní Màkókó lóṣù keje ọdún 2012. Bàbá ò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ìyá ẹlẹ́ja ò dúró kí wọ́n gbé ẹja wá. Ó mú abọ́ ike tí wọ́n pín fún un níbi ìnáwó, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àgọ́ Ẹ̀gùn, ó ń rọra tẹ pákó tí wọ́n tò sórí omi. Ọmọkùnrin kan bi í pé ta ló ń wá. Ó ní kọ́sítọ́mà òun ni, obìnrin pupa kan báyìí. Ọmọ náà ní kí lorúkọ ẹ̀.

Kò mọ̀ ọ́n.