Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Pákó Ẹ̀yìn Rẹ̀ ní Command

Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìyànà Ìpájà, tí ó sì gba ọ̀nà Ìpájà wọlé bí ẹni tí ń lọ sí Àyọ̀bọ̀, kì yóò pẹ́ kí ó tó gbọ́ tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò ké pé, "Command wà o?" Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ ìwáṣẹ̀. Láti ara ilé ẹ̀kọ́ Command tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní àdúgbò náà ni ó ti wá, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ títí àwọn ọmọdé kò fi mọ orúkọ mìíràn fún un mọ́. Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni gbogbo agbègbè yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka àwọn ènìyàn ní ọdún 2006, Alímòṣọ́ ni èrò rẹ̀ pọ̀ jùlọ nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó, iye wọn sì jẹ́ 1,277,714. Níbi tí ènìyàn bá pọ̀ tó báyìí, ẹrù kò lè ṣàì pọ̀. Níbi tí ẹrù bá sì pọ̀, a kò lè ṣàì rí àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò náà, tí kò sì kánjú, yóò rí wọn ní ẹ̀bá ọ̀nà: mẹkáníìkì tí ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan yọ síta; wẹ́dà tí ó fi awò dúdú bo ojú; ẹni tí ń tún wáyà so; ẹni tí ń kun ọ̀dà; àti káfíńtà tí fùlùfúlù pákó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ a máa kọjá wọn láìbojú wẹ̀yìn, nítorí èéfín àti ariwo nìkan ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n a bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n pé kí ẹ bá wa dúró lọ́dọ̀ wọn díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún olúkúlùkù ilé onígbàgbọ́.

Iṣẹ́ ẹrù kíkó kì í ṣe ohun tuntun ní apá ibí. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì gba Agége kọjá. Ní Agége àti Ìfàkò, tí kò jìnnà sí Command, ni olóògbé J. K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Ìjọ African Church, ti dá oko ńlá, tí ó gbin kòkó àti obì. Ní ọdún 1907 ni òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá láti ìlú òkè kọ́ iṣẹ́ kòkó níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìmọ̀ náà lọ sí ilé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í wọ inú oko. Orí ènìyàn ni ẹrù ń gbà dé ẹ̀bá ojú irin, títí mótò akẹ́rù fi dé.

Báwo ni mótò náà ti dé? Kì í ṣe odindi ni ó máa ń dé. Ẹ́ńjìnnì, àgbá tayà àti irin gígùn méjì tí ó dàbí ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàsì, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù fi ń ti òkè òkun wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn Ford láti Amẹ́ríkà, àti fún àwọn Bedford tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1931. Èyí tí ó kù, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni ó fi pákó parí rẹ̀: ilẹ̀ rẹ̀, ògiri rẹ̀, òrùlé rẹ̀ àti àga gbọọrọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sì wà nínú òwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò gbàgbé W. A. Dáwódù ti Èkó, tí ó ti ń ta mótò, tí ó sì ń tún un ṣe, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Irú ọkọ̀ onípákó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó bá ń kó èrò, ni a sọ ní Bọ́lẹ̀kájà, nítorí èrò á kọjú sí ara wọn, orúnkún á máa gbá orúnkún, ìjà kì í sì í pẹ́ dé. Àwọn ará Gánà pe tiwọn ní tro-tro, láti ara owó tọ́rọ́ tí a ń san níbẹ̀ láyé àtijọ́. Nítorí náà, bí a bá wí pé òyìnbó ni ó ṣe mótò, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ibi tí ara èrò àti ẹrù ń bà lé, ọwọ́ káfíńtà wa ni ó ṣe é. Bí ibẹ̀ bá sì já, ẹ́ńjìnnì tí ó dára jùlọ kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni a rí ní Command, pikọ́ọ̀pù kan tí irú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ín jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀, ẹni tí ó ti fi í kó pákó láti Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta wá sí Ìpájà ní àkókò tí ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ níbẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni ọkọ̀ náà fi dúró nínú koríko. Àwọn tí ń ra irin jíjẹ ti wá dá owó lé e, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀, ó ní owó ilé ẹ̀kọ́ òun ti inú ọkọ̀ yìí jáde. Ó mú mẹkáníìkì wá, ẹ́ńjìnnì sì jí. Ó kù kí a to pákó tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ó ti ṣèlérí fún ìjọ rẹ̀ pé ọkọ̀ náà ni yóò kó iṣu àti àwọn akọrin lọ sí ìsìn Ìkórè.

Bàbá káfíńtà tí a gbé iṣẹ́ náà fún tú pákó jíjẹrà kúrò. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù kékeré, ó sì ń kan ṣáàsì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó ń fetí sí i bí oníṣègùn ti ń fetí sí àyà aláìsàn. Irin ń dún gooro. Nígbà tí ó dé ìdí tayà ẹ̀yìn, ó dún bí agbè fífọ́. Ẹnì kan tí ó ti tún ọkọ̀ náà ṣe nígbà kan rí ti fi páànù pẹlẹbẹ bo ibi tí ìpáàtà ti jẹ, ó sì ti kun ọ̀dà dúdú lé e lórí.

Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà bàjẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà bá mi to pákó lé e. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀?"

Bàbá náà dáhùn pé, "Ọmọ mi, àwọn tí yóò jókòó lórí pákó yìí kò ní bẹ̀rẹ̀ wò ó lóòótọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èmi fi gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó fún wọn."

Kò gba owó, kò sì kan ìṣó kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bínú lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó padà pẹ̀lú wẹ́dà. Wọ́n gé ibi jíjẹ kúrò títí wọ́n fi kan irin tí ó yè, wọ́n sì fi irin tí ó nípọn bákan náà dípò rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ páìpù bíréèkì pẹ̀lú. Ìkórè kọjá, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ìjọ háyà. A kò gbọ́ pé ìsìn náà dínkù nítorí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ pákó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dára kí a sọ bí ó ti rí. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n òjò àti ikán kì í pẹ́ borí rẹ̀. Ìrókò ni bàbá náà yàn, nítorí ikán kì í tètè rí i jẹ, òjò kì í sì í tètè rà á. Kò lo èyí tí ó ṣì tutù. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ pààlà sí àárín pákó kan àti èkejì, ó tò ó sábẹ́ òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ẹ́, nítorí pákó tútù tí a bá kàn mọ́lẹ̀ yóò súnkì, yóò sì lọ́ nígbà tí oòrùn bá mú un. Ó to ìtì igi ìdábùú sórí ṣáàsì, ó sì fi rọ́bà tayà sí àárín igi àti irin kí wọn má baà máa ha ara wọn. Kò lu ihò sí ara ṣáàsì, kí ó má baà sọ ọ́ di aláìlágbára. Irin títẹ̀ tí ó gbá igi àti ṣáàsì mọ́ra ni ó fi dè é. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni ó fi mú pákó, nítorí gbígbọ̀n ọ̀nà a máa tú ìṣó. Ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn pákó, kí omi òjò lè rí ibi ṣàn gbà, kí pákó sì lè rí àyè wú.

Kí ó tó to pákó kọ̀ọ̀kan, ó kun òróró sí ojú rẹ̀ òkè, sí ojú rẹ̀ ìsàlẹ̀, àti pàápàá sí orí rẹ̀ méjèèjì tí a fi ayùn gé, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọ inú igi jùlọ. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí tí ó fi ń kun ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó, ó rán wa létí pé nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ fún Nóà láti kan ọkọ̀, inú àti òde ni Ó ní kí ó fi ọ̀dà kùn. Ẹni tí ó kun òde nìkan kì bá tí la ìkún omi já.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ilé. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára ọkọ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lára pákó kò lè dúró dípò irin tí ó yè lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin alàgbà tí ń háyà ọkọ̀ fún Ìkórè àti fún òkú àgbà, ẹ bèèrè bíréèkì kí ẹ tó bèèrè iye owó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jókòó sórí ẹrù ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Láti ọdún 1988 tí ìjọba ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa nípa ìwàkiwà ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilé ni ìkìlọ̀ ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ń wá iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ yín, ẹ wá ọ̀gá tí ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Pikọ́ọ̀pù náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Pákó ni ó ń kó, àti sìmẹ́ńtì, àti iṣu nígbà tí ọdún bá dé. Àwọn akọrin kò sí lára ẹrù rẹ̀. Bàbá náà ti bẹ ọmọ náà bẹ́ẹ̀, ọmọ náà sì ti gbà. A kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i lára títí di ìsinsìnyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ṣì ń ro èyí tí ó yẹ.