Kọ́kọ́rọ́ Kan fún Èèyàn Mẹ́fà

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo bá wá lónìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ rere ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Sabon Gari, Kano. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ọjà àwìn ránṣẹ́ pè mí. Èèyàn mẹ́fà, kọ̀ǹpútà mẹ́fà, àti server kan tí ìwé àwọn onígbèsè wà lórí ẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo, "office", àti password kan náà ni gbogbo wọn fi ń wọlé. Gbèsè oníbàárà kan ti kúrò ní ₦180,000, ó ti di ₦80,000. Ta ló yí i? Wọ́n ní ọmọbìnrin tó máa ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ni. Ọmọ wa ni, ọmọ Ọ̀ffà. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná. Àwọn àgbà dá sí i, ọmọ náà ń sunkún, ó ń búra.

Ọ̀gá wọn ní kí n yẹ kọ̀ǹpútà wò, kó lè sọ ẹni tó ṣe é. Mo wò ó títí, "office" ni mò ń rí níbi gbogbo. Mo ní, "Alájì, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà yìí ò lè dá a lẹ́bi, kò sì lè dá a láre." Èyí tí kò lè dá a láre yẹn ló dùn mí jù. Àwọn àgbà ní gbogbo wa lolè, ẹni ilẹ̀ mọ́ bá ni barawo.

NFS ni wọ́n ń lò, ìyẹn Network File System, tí ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ṣe ní 1984. Òun ló ń jẹ́ kí fódà tó wà lórí server hàn lórí kọ̀ǹpútà yòókù bíi pé ibẹ̀ gan-an ló wà. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó, server kì í béèrè password lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà á kàn sọ fún un pé, "Ẹni tó ní nọ́ńbà 1001 ló ń bọ̀ o," server á sì gbà á gbọ́. Ó dà bíi máígáàdì tó ń bi dírẹ́bà nìkan léèrè, tí kì í wo ojú àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Torí náà, bí ẹ bá tiẹ̀ fún oníkálùkù ní orúkọ tirẹ̀, ẹni tó bá ní àṣẹ root lórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀ lè sọ ara ẹ̀ di 1001, kó fi orúkọ ẹlòmíì wọlé.

Kerberos ni ọ̀nà àbáyọ. MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é láàárín ọdún 1980 sí 1989. Oníkálùkù á tẹ password tirẹ̀, á gba tíkẹ́ẹ̀tì tó ní àkókò. Server ò ní gba ẹnu kọ̀ǹpútà gbọ́ mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ẹni náà ló máa yẹ̀ wò. Níbi tí a ti ń so fódà mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó kọ sec=krb5. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n ka ohun tó ń kọjá lórí wáyà, kó kọ sec=krb5p. Ó lè fà díẹ̀, àmọ́ ọkàn á balẹ̀.

Bí mo ṣe tò ó fún wọn nìyẹn. Káṣíà àti ọ̀gá nìkan ló lè kọ nǹkan sínú ìwé onígbèsè, àwọn yòókù kàn lè kà á ni.

Iná ló fún wa ní wàhálà jù. Kerberos ò fẹ́ kí aago kọ̀ǹpútà àti ti server fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ síra. Kọ̀ǹpútà tí bátìrì inú ẹ̀ bá ti kú, tí NEPA bá mú iná lọ, aago ẹ̀ á padà sí ọdún tó ti kọjá lọ jìnnà, ẹni tó ń lò ó ò sì ní rí fódà ṣí. A pààrọ̀ bátìrì, a sì ní kí gbogbo wọn máa gba aago lọ́wọ́ server. Wọ́n tún ń kùn pé àwọn ń tẹ password lójoojúmọ́. Mo ní kí wọ́n fara dà á, kí wọ́n má sì kọ ọ́ sára ògiri, torí òfo ni gbogbo ẹ̀ bí wọ́n bá ń yá ara wọn ní password.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó tún yàtọ̀ nínú ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí. Ṣùgbọ́n orúkọ tiẹ̀ ò lè kọ nǹkan síbẹ̀! Káṣíà padà sídìí rìsíìtì, ó rí i pé òun ló gbàgbé òdo kan. Ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ tán.

Ti ọmọ Ọ̀ffà ò rí bẹ́ẹ̀. Títí dòní, a ò mọ ẹni tó yí ìwé yẹn, ọmọ náà ò sì padà síbẹ̀.

Ẹni tó wà nílùú onílùú, orúkọ ẹ̀ ni dúkìá ẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín tọ́jú kọ̀ǹpútà léèrè: "Ṣé server wa mọ oníkálùkù wa, àbí ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ló ń gbà gbọ́?" Ẹ jẹ́ kó dáhùn kí wàhálà tó dé.